Òru mẹ́wàá, ọkọ̀ kan àti ìgbèríko ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: ìdáhùn sí òǹkàwé kan ní Ìbàdàn

Òǹkàwé wa kan tó ń gbé ní Ìbàdàn kọ̀wé pé òun, ìyàwó òun àti àwọn ọmọ wọn méjì, ọmọ ọdún mẹ́jọ àti ọmọ ọdún márùn-ún, fẹ́ lo òru mẹ́wàá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nínú oṣù kẹfà. Àbúrò rẹ̀ tó fi Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù ṣe ibùgbé ti ṣèlérí pé òun máa yọ̀ǹda ọkọ̀ òun fún wọn. Èrò ọkàn rẹ̀ ni pé kí wọ́n wakọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù lọ sí Cotswolds, kí wọ́n kọjá sí Cornwall, kí wọ́n gòkè lọ sí Lake District, kí wọ́n sì gba Yorkshire padà. Ó ń bèèrè bóyá ó ṣeé ṣe, bóyá ìwé àṣẹ ìwakọ̀ Nàìjíríà tó níbẹ̀, àti ohun tó yẹ kí òun mọ̀ nípa àwọn ọ̀nà tóóró tí àwọn ènìyàn ń fi dẹ́rù ba òun.

Ọ̀gá mi, ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ ìrìn àjò. Ọ̀nà tí ẹ là sílẹ̀ yẹn ṣeé rìn, ṣùgbọ́n ọ̀nà márosẹ̀ ni ẹ ó máa wò jù lọ, ẹ kò sì ní fi bẹ́ẹ̀ rí ìgbèríko tí ẹ tìtorí rẹ̀ wọ ọkọ̀ òfuurufú. Láti Lọ́ńdọ̀nù dé Penzance, ní ìpẹ̀kun Cornwall, lé ní 280 máìlì. Láti ibẹ̀ dé Windermere ní Lake District tún lé ní 350. Odindi ọjọ́ méjì ni ìwọ̀nyí nìkan máa gbà lọ́wọ́ yín, kí a tó ka ìgbà tí ọmọ kan fẹ́ tọ̀, ìgbà tí ebi ń pa èkejì, àti sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ tí kì í wọ́n ní ọ̀nà A303 lẹ́gbẹ̀ẹ́ Stonehenge. Wákàtí ni ènìyàn fi ń díwọ̀n ọ̀nà ìgbèríko ibẹ̀, kì í ṣe máìlì. Ibi tí wákàtí kan tó fún 60 máìlì ní ọ̀nà márosẹ̀, ẹ lè lo wákàtí méjì àti ààbọ̀ lórí iye máìlì kan náà láàárín àwọn òkè, nítorí pé katakata tó wà níwájú yín, kọ́nà tí ẹ kò rí ìdí rẹ̀ àti àgùntàn tó sùn sójú ọ̀nà ló máa pinnu bí ẹ ṣe máa sáré tó.

Nítorí náà, ẹ mú agbègbè méjì péré, kí ó sì jẹ́ èyí tó bá ara wọn pààlà. Ní tèmi, Yorkshire Dales, agbègbè òkè àti àfonífojì ní àríwá, àti Lake District, agbègbè adágún tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ni mo máa mú fún ìdílé yín, pẹ̀lú ìlú York gẹ́gẹ́ bí ẹnu ọ̀nà. Cornwall tó ìrìn àjò kan lọ́tọ̀. Ní ti Cotswolds, àwọn ilé olókùúta aláwọ̀ oyin tó wà ní Bibury àti Bourton-on-the-Water lẹ́wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni àwọn bọ́ọ̀sì arìnrìn-àjò láti Lọ́ńdọ̀nù ń dà sí láti àárọ̀ dalẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, ènìyàn sì lè wọ ọkọ̀ ojú irin láti Paddington lọ sí Moreton-in-Marsh lọ́jọ́ mìíràn láìwakọ̀ rárá.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ àbúrò yín ni mo fẹ́ kí a yanjú ṣáájú ohun gbogbo, nítorí pé inú rere ni, ó sì lè kó ẹ̀yin méjèèjì sí wàhálà. Lọ́dọ̀ tiwa, bí ẹni tó ni ọkọ̀ bá ti fún ènìyàn ní kọ́kọ́rọ́, ọ̀rọ̀ parí. Ní Bìrìtìkó, awakọ̀ tí ilé iṣẹ́ ìǹṣọ́ránsì mọ̀ tí wọ́n sì kọ sínú ìwé ni ìǹṣọ́ránsì wà fún. Bí orúkọ yín kò bá sí níbẹ̀, ẹ kò ní ìǹṣọ́ránsì, kódà bí àbúrò yín bá jókòó tì yín. Owó ìtanràn tí ọlọ́pàá lè fún yín lójú ẹsẹ̀ jẹ́ 300 pọ́n-ùn, wọ́n lè gba ọkọ̀ náà, òfin sì tún mú ẹni tó yọ̀ǹda ọkọ̀ fún ẹni tí kò ní ìǹṣọ́ránsì. Àwọn ilé iṣẹ́ kan wà tó ń ta ìǹṣọ́ránsì ọlọ́jọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn ló ń gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀ láti ilẹ̀ òkèèrè. Ẹ tún rò ó pé ọkọ̀ tó wà ní Peckham gbọ́dọ̀ la Lọ́ńdọ̀nù já kí ó tó rí ìgbèríko, àti pé bí ó bá jẹ́ ọkọ̀ àtijọ́ tí èéfín rẹ̀ kò bá òfin mu, 12.50 pọ́n-ùn ni wọ́n ń gbà lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan tó bá rìn nínú ìlú náà. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ àbúrò. Kí ó gbé yín dé ibùdó ọkọ̀ ojú irin King's Cross. Ọkọ̀ ojú irin tó yá máa gbé yín dé York ní nǹkan bí wákàtí méjì, níbẹ̀ ni kí ẹ ti yá ọkọ̀.

Ìwé àṣẹ ìwakọ̀ Nàìjíríà tó. Òfin gbà kí àlejò fi ìwé àṣẹ orílẹ̀-èdè rẹ̀ wa ọkọ̀ kékeré fún oṣù 12 láti ọjọ́ tó wọ Bìrìtìkó, níwọ̀n ìgbà tí ìwé náà kò bá tíì parí. Ohun tí òfin gbà àti ohun tí ilé iṣẹ́ tó ń yáni ní ọkọ̀ gbà kì í ṣe ọ̀kan náà, ṣá o. Àwọn kan ń béèrè ìwé àṣẹ ìwakọ̀ àgbáyé pẹ̀lú rẹ̀, ọ̀pọ̀ ń fẹ́ kí ó ti tó ọdún kan ó kéré tán tí ẹ ti gba ìwé yín, káàdì gan-an ni wọ́n sì ń fẹ́ rí, kì í ṣe bébà tí a ń mú dání kí káàdì tó jáde. Ohun tó sábà ń dá àwọn ènìyàn wa dúró níwájú káńtà ni káàdì báńkì: ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ń béèrè káàdì kírẹ́díìtì tó ní orúkọ awakọ̀ lára, wọ́n á sì di owó ìdúró mọ́lẹ̀ lórí rẹ̀ títí ẹ ó fi dá ọkọ̀ padà. Káàdì débíìtì tí gbogbo wa ń lò nílé lè má ṣiṣẹ́ fún un. Ẹ ka gbogbo àdéhùn wọn kí ẹ tó sanwó, nítorí pé ọjọ́ tí ẹ bá dé York pẹ̀lú ọmọ méjì àti àpótí mẹ́rin kì í ṣe ọjọ́ àríyànjiyàn.

Ẹ tọrọ ọkọ̀ tó ń yí jíà fúnra rẹ̀, nítorí pé bí ẹ kò bá sọ ọ́, èyí tí ẹ ó máa fi ọwọ́ yí ni wọ́n sábà máa kó fún yín, jíà yóò sì wà ní ọwọ́ òsì yín. Owó rẹ̀ ga díẹ̀. Mo gbà yín níyànjú láti san án. Ṣùgbọ́n ẹ má gba jíìpù. Mo mọ̀ pé ó wù wá láti fi jíìpù rìn níbi tí òkè bá wà, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀nà wọ̀nyí dán, kì í ṣe ọ̀nà oko wa. Ìbú ọkọ̀ ni ìṣòro ibẹ̀. Ọkọ̀ kékeré onílẹ̀kùn márùn-ún tó fún ẹni mẹ́rin bí ẹ bá fi àpótí ńlá méjì sílẹ̀ ní Peckham. Ẹ sọ fún wọn ṣáájú pé ẹ nílò àga ọmọdé méjì, nítorí pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12 tí kò sì tíì ga tó 135 sẹ̀ǹtímítà gbọ́dọ̀ jókòó sínú àga tó bá a mu. Ẹ bèèrè iye tí ẹ máa kọ́kọ́ fi owó ara yín san bí ọkọ̀ bá fara pa, kí ẹ sì bi wọ́n bóyá táyà, dígí àti abẹ́ ọkọ̀ wà nínú ìǹṣọ́ránsì, nítorí pé àwọn wọ̀nyí gan-an ni òkúta ìgbèríko máa ń kọ́kọ́ bá jà. Kí ẹ tó gbé ọkọ̀ kúrò, ẹ fi fóònù ya fídíò rẹ̀ yíká, kí ẹ sún mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ àti ìdí táyà.

Ní ti ìwakọ̀ lọ́wọ́ òsì: àwọn àgbà tó ti ń wakọ̀ kí Nàìjíríà tó bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 mọ̀ ọ́n, àwa yòókù á kọ́ ọ. Kì í ṣe àárín ọkọ̀ púpọ̀ ni ewu wà, torí pé ibẹ̀ ẹ ó máa tẹ̀ lé ẹni tó wà níwájú. Ewu wà láàárọ̀, nígbà tí ẹ bá jáde láti ilé epo tàbí láti ibi ìgbọ́kọ̀sí sójú ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni kò sí, tí ọwọ́ bá sì fẹ́ ṣe ohun tó ti mọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Kí ìyá àwọn ọmọ máa pe “òsì” sókè ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ń jáde. Ní ráúndábáòtù, ẹni tó ń bọ̀ láti ọwọ́ ọ̀tún yín ló ni ọ̀nà, bí ọwọ́ aago sì ṣe ń yí ni ẹ ó ṣe yí i. Ẹ má sì wakọ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá balẹ̀ láti Èkó, nítorí pé ẹni tó fi gbogbo òru jókòó sínú ọkọ̀ òfuurufú kò yàtọ̀ sí ẹni tó mutí.

Ó wá kan àwọn ọ̀nà tóóró. Ẹ wà ní ọ̀nà kan tí ògiri òkúta wà ní ọ̀tún àti ní òsì rẹ̀, tí kò sì fẹ̀ ju ọkọ̀ kan lọ. Ẹ yọ ní kọ́nà, ẹ rí ọkọ̀ mìíràn tó dojú kọ yín. Kò sí ẹni tó ṣẹ̀. Ẹ̀yin méjèèjì á dẹwọ́ eré, ẹ ó sì wo ibi tí àyè ìyàsí wà, èyíinì ni ibi tí wọ́n fẹ̀ jáde díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà kí ọkọ̀ kan lè yà fún èkejì. Bí ó bá wà ní ọwọ́ òsì yín, ẹ yà sínú rẹ̀. Bí ó bá wà ní ọwọ́ ọ̀tún, ẹ má sọdá sí i. Ẹ dúró ní ọ̀kánkán rẹ̀, kí ẹni tó ń bọ̀ yà síbẹ̀. Ẹni tó sún mọ́ àyè tó wà lẹ́yìn rẹ̀ jù ló máa ń fi rìfáàsì padà, ẹni tó ń sọ̀kalẹ̀ sì máa ń fi ọ̀nà sílẹ̀ fún ẹni tó ń gòkè. Bí ẹ bá ti kọjá ara yín, ẹ gbé ọwọ́ sókè díẹ̀ láti orí sítíárì. Ìkíni ni, ọwọ́ kan náà ni ẹni kejì náà máa gbé, ẹni tí kò bá sì kí ni wọ́n máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú ọkọ̀. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí ẹ lo ìrọ̀lẹ́ kan ní Ìbàdàn níbi tí ilẹ̀ bá ti tẹ́jú, kí ẹ máa fi rìfáàsì rìn gbọọrọ láìyà sápá kan. Ẹni tó bá mọ rìfáàsì kò ní ohun tó ń bẹ̀rù ní ìgbèríko Gẹ̀ẹ́sì.

Iná iwájú ọkọ̀ tún ní ìtumọ̀ mìíràn níbẹ̀. Lójú pópó wa, ẹni tó bá ṣẹ́ iná sí yín ń sọ pé òun ń bọ̀, ẹ kúrò lọ́nà. Lọ́dọ̀ wọn, ohun tí ìwé òfin ọ̀nà sọ ni pé kí iná náà kàn jẹ́ kí ẹ mọ̀ pé awakọ̀ náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ awakọ̀ ló ń fi í sọ pé “ẹ máa kọjá”. Ẹ dúró kí ẹ rí i pé ó dúró lóòótọ́ kí ẹ tó lọ. Fèrè ọkọ̀ kì í ṣe ohun ìkíni, wọn kì í sì fi í bínú bí a ṣe ń fi bínú. Àmì róbótó funfun tí ìlà dúdú dá lábùú máa ń tan àlejò jẹ: ó ń sọ pé òfin gbà yín láyè láti sá 60 máìlì ní wákàtí kan ní ọ̀nà oníhà kan, ṣùgbọ́n láàárín ògiri òkúta, 25 lè ti pọ̀ jù. Bí ẹ bá bá ẹlẹ́ṣin lọ́nà, ẹ má sá ju 10 máìlì lọ, kí ẹ sì fi mítà méjì sílẹ̀ láàárín yín. Ibi tí irin bá tẹ́ lábùú ojú ọ̀nà, àwọn ẹran ń jẹ̀ kiri níwájú, ọ̀dọ́ àgùntàn kì í sì í wo ọ̀tún wo òsì.

Bí mo ṣe máa pín òru mẹ́wàá náà nìyí: ọ̀kan ní Peckham, ọ̀kan ní York, mẹ́ta ní àyíká Hawes ní Yorkshire Dales, mẹ́rin ní Keswick tàbí Ambleside ní Lake District, kí ọ̀kan tó kù jẹ́ ti Peckham. Ní York ẹ kò nílò ọkọ̀, nítorí náà ẹ má gbà á títí di àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ẹ rìn lórí ògiri ìlú náà pẹ̀lú àwọn ọmọ, kí ẹ sì sọ fún wọn pé ibẹ̀ ni Septimius Severus kú sí ní ọdún 211, olú-ọba Róòmù tí wọ́n bí sí Leptis Magna ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Líbíyà lónìí. Ọmọ Áfíríkà ló ṣàkóso láti ìlú yẹn.

Láti York, ẹ gba ọ̀nà A1(M) dé Bedale, kí ẹ wá bọ́ sí A684 tó gba Leyburn àti Aysgarth lọ sí Hawes. Bí wákàtí méjì ni, ṣùgbọ́n ẹ fún un ní ìdajì ọjọ́, nítorí àwọn omi tó ń já wálẹ̀ ní Aysgarth. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọjà Hawes, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń ṣe wàràkàṣì Wensleydale. Ohun tó jẹ́ kí n yan agbègbè yìí fún oṣù kẹfà gan-an ni pápá koríko Muker ní àfonífojì Swaledale, níbi tí òdòdó ìgbẹ́ ti ń bo ilẹ̀ nínú oṣù náà kí àwọn àgbẹ̀ tó gé e fún oúnjẹ ẹran. Ọ̀nà Buttertubs ló kọjá lórí òkè láti Hawes dé ibẹ̀; ó ga, ó sì ń wọ́, ṣùgbọ́n awakọ̀ tó fara balẹ̀ lè rìn ín. Bí ẹ bá ń fi ẹsẹ̀ gba àárín pápá náà, ẹ tò tẹ̀ léra lórí ipa ọ̀nà, kí ẹ sì fi géètì sílẹ̀ bí ẹ ṣe bá a. Lọ́jọ́ kejì, ẹ gbé àwọn ọmọ lọ wo afárá rélùwéè Ribblehead, tó ní ojú 24 tó tẹ̀ bí ọrun láàárín ilẹ̀ gbalasa.

Láti Hawes, A684 kan náà máa gbé yín gba Sedbergh dé Kendal, A591 á sì gbà yín lọ́wọ́ rẹ̀ títí dé Windermere, Ambleside, Grasmere àti Keswick. Ọ̀nà yìí dára, gbogbo ayé ló sì mọ̀ ọ́n. Ìṣòro Lake District ni ibi ìgbọ́kọ̀sí. Bí aago mẹ́wàá àárọ̀ bá ti lù lọ́jọ́ tí oòrùn ràn, ó lè ti kún, àwọn tó bá sì gbé ọkọ̀ sórí koríko tàbí sí ẹnu géètì àgbẹ̀ ń fa ìjà. Ẹ jáde kí aago mẹ́sàn-án tó lù, kí ẹ ní owó onírin lọ́wọ́, nítorí pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè má sí láti fi fóònù sanwó. Nítorí àìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yìí kan náà, ẹ gba máàpù sórí fóònù yín láti York, kí ẹ sì ra máàpù oníbébà Ordnance Survey kan. Fóònù ń wá ọ̀nà tó kúrú jù, ọ̀nà tó kúrú jù ní agbègbè yẹn sì lè jẹ́ Wrynose àti Hardknott, níbi tí òkè ti dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ débi pé ẹ ó máa gòkè mítà kan ní mítà mẹ́ta-mẹ́ta. Ẹ má gba ibẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ rí òkè gíga, Kirkstone tó. Ọ̀nà A592 láti Windermere ni kí ẹ gbà dé e, kì í ṣe èyí tó ti Ambleside wá, tí àwọn ará ibẹ̀ fúnra wọn sọ ní “Ìjàkadì”, kí ẹ sì sọ̀kalẹ̀ sí adágún Ullswater, níbi tí ọkọ̀ ojú omi wà fún àwọn ọmọ.

Òjò máa rọ̀. Seathwaite, tí kò jìnnà sí Keswick, ni òjò ń rọ̀ sí jù nínú gbogbo ibi tí ènìyàn ń gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nǹkan bí 3,500 mìlímítà lọ́dún, èyí tó ju ìlọ́po méjì ti Ìbàdàn lọ. Ọjọ́ tó bá rọ̀ jù ni kí ẹ fi lọ sí apá Carlisle. Odi tí olú-ọba Hadrian bẹ̀rẹ̀ sí mọ ní ọdún 122 gba ibẹ̀ kọjá, ní abúlé Burgh by Sands sì ni ẹgbẹ́ ọmọ ogun kan láti Àríwá Áfíríkà ti ṣọ́ odi náà ní ọ̀rúndún kẹta. A mọ̀ nípa wọn nítorí pé orúkọ ẹgbẹ́ wọn wà lára òkúta tí wọ́n kọ̀wé sí. Kò sí ohun ńlá tí ojú máa rí níbẹ̀, abúlé tó dákẹ́ ni, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀ṣì kan tí wọ́n fi òkúta ara odi náà kọ́. Ó tó fún ọmọ ọdún mẹ́jọ láti mọ̀ pé àwọn ọmọ Áfíríkà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilẹ̀ yẹn lánàá.

Oúnjẹ kò le, bí ẹ bá ti mọ aago wọn. Ilé ìdáná ilé ọtí ìgbèríko sábà máa ń ti lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, kí ó tó tún ṣí ní ìrọ̀lẹ́, ọ̀pọ̀ sì ti parí kí aago mẹ́sàn-án alẹ́ tó lù. Nínú oṣù kẹfà, oòrùn kì í wọ̀ ní Keswick títí aago mẹ́wàá alẹ́ á fi kù díẹ̀, ìmọ́lẹ̀ náà á sì tan yín jẹ títí ebi á fi bá yín lórí òkè. Nítorí àwọn ọmọ, ilé kékeré tó ní ilé ìdáná tirẹ̀ sàn fún yín ju yàrá òtẹ́ẹ̀lì lọ. Ẹ ra ata, èlùbọ́ àti gààrí ní Rye Lane kí ẹ tó kúrò ní Peckham, nítorí pé ẹ kò ní rí wọn ní Hawes.

Ilé ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà, lẹ́yìn náà ọkọ̀, kí tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin gbẹ̀yìn. Ọ̀pọ̀ onílé kì í fi ilé fún ẹni tí kò bá gba odindi ọ̀sẹ̀ nígbà tí iléèwé bá wà ní ìsinmi, ṣùgbọ́n nínú oṣù kẹfà wọ́n sábà máa ń gbà fún òru mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ẹ béèrè ní tààrà. Ẹ dá ọkọ̀ padà sí York níbi tí ẹ ti gbà á, torí pé gbígbé e sílẹ̀ ní ìlú mìíràn ń fa owó kún owó. Láti Keswick, ọ̀nà A66 ló máa gbé yín kọjá lórí òkè dé Scotch Corner, kí ẹ tó bọ́ sí A1(M). Wákàtí méjì àti ààbọ̀ ni lọ́jọ́ tó dára, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ẹrù pọ̀ níbẹ̀. Ẹ kúrò ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀, kí ẹ bu epo sínú ọkọ̀ kí ẹ tó wọ ìlú, ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ ó bù ú, kí ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa bóyá pẹtiróòlù ni ọkọ̀ náà ń mu tàbí dísẹ̀lì. Ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì Lọ́ńdọ̀nù tó ṣáájú aago mẹ́ta ọ̀sán, nítorí pé tíkẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú tí a rà sílẹ̀ kò wúlò fún ọkọ̀ ojú irin mìíràn bí tiyín bá ti lọ.